Gíláàsì tí ó ń sọ̀kalẹ̀ tí kò fẹ́ gòkè: ẹ má tíì ra máṣíìnì mìíràn

Olùkọ́ kan tí ó ń gbé ní agbègbè Kínńírà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: "Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ kékeré Jàpáànù kan tí wọ́n ṣe ní 2004 ni mò ń wà. Gíláàsì ilẹ̀kùn iwájú, ní ẹ̀gbẹ́ èrò, ni ó ń yọ mí lẹ́nu. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tèmi, kò ní mira rárá, ì báà jẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀. Tí ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá tẹ tirẹ̀, yóò sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní gòkè mọ́. Nígbà mìíràn, tí a bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn tí a tún pa á dé, yóò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é, àmọ́ kì í yá tó àwọn yòókù bí ó bá ń gòkè. Rewáyà àkọ́kọ́ ní máṣíìnì tí ó ń gbé gíláàsì ti jó. Mo ra tòkunbọ̀, ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún padà síbi tí ó wà. Ẹnìkejì ní bátìrì ni kò lágbára. Ẹnìkẹta ní òun yóò fa wáyà dáírẹ́ẹ̀tì láti ìdí bátìrì, òun yóò sì fi bọ́tìnnì mìíràn sí i. Òjò ti ń ba àga ọkọ̀ jẹ́, àwọn ọmọ kékeré méjì ni mo sì máa ń gbé lọ sí ilé ìwé. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú ìfaradà, arábìnrin mi, ẹ sì kú ìnáwó. Ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ènìyàn mẹ́ta ti wo ọkọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì sọ ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kò wá mọ èyí tí ẹ ó gbà gbọ́ kí owó mìíràn tó tún jáde. Ní tèmi, n kò rò pé ọ̀kankan nínú wọn dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ iná ọkọ̀ nínú ìlú yìí, mo sì lè sọ fún yín pé ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ náà lójoojúmọ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò ju àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, nítorí pé ẹ ti kíyè sí ohun mẹ́ta tí ó dà bíi pé ẹnikẹ́ni kò bi yín léèrè: bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ yín kò ṣe nǹkan kan, bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ èrò ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ṣùgbọ́n kò gbé e gòkè, ṣíṣí àti pípa ilẹ̀kùn sì ń yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ bátìrì kúrò lọ́nà, nítorí kò gba àlàyé púpọ̀. Bátìrì kan náà ni ó ń fún gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní iná. Bí ó bá rẹ̀, gbogbo wọn ni yóò máa falẹ̀, ọkọ̀ náà yóò sì máa ṣòro láti tan láàárọ̀. Nígbà tí mẹ́ta nínú mẹ́rin bá ń gòkè ṣàn-án, kò sí ìdí tí a fi máa bá bátìrì jà.

Máṣíìnì tí ó ń gbé gíláàsì jẹ́ mọ́tò kékeré kan tí wáyà méjì péré wọ inú rẹ̀. Bí iná bá gba wáyà àkọ́kọ́ wọlé tí ó sì gba ìkejì jáde, yóò yí sí apá kan, gíláàsì yóò gòkè. Bí iná bá gba ìkejì wọlé tí ó gba àkọ́kọ́ jáde, yóò yí sí apá kejì, gíláàsì yóò sọ̀kalẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé gíláàsì wúwo, pé máṣíìnì tí agbára rẹ̀ ti ń tán lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó má sì lè gbé e padà. Òótọ́ ni, mo ti rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n máṣíìnì tí ó ti rẹ̀ máa ń fi ara rẹ̀ hàn: tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ ó gbọ́ tí ó ń kùn nínú ilẹ̀kùn, iná inú ọkọ̀ yóò sì ṣe bàìbàì díẹ̀ nítorí pé mọ́tò náà ń fa iná ṣùgbọ́n kò rí ẹrù rẹ̀ gbé. Èyí tí ó wá ṣe pàtàkì jù ni pé irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ yóò ṣì máa sọ gíláàsì kalẹ̀ láti ìdí bọ́tìnnì yòówù tí ẹ bá tẹ̀. Tiyín kò sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ yín, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Máṣíìnì kan náà ni, kò sì mọ ọwọ́ ẹni tí ó tẹ bọ́tìnnì.

Ọ̀nà tí iná ń tọ̀ ni kí a tọ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà, tí bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kò tí ì máa dá sí ọ̀rọ̀ gíláàsì, wáyà méjì ni ó ti ìdí bọ́tìnnì awakọ̀ wá sí ìdí bọ́tìnnì èrò, kí iná tó kọjá lọ sí máṣíìnì. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ nǹkan kan, wáyà méjèèjì yìí so mọ́ ara irin ọkọ̀ níbi bọ́tìnnì awakọ̀, èyí tí àwa rewáyà ń pè ní áàtì. Tí ẹ̀yin bá tẹ tiyín sókè, ọ̀kan nínú wọn yóò gbé iná wá, ìkejì yóò gbé e padà sí áàtì. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, bọ́tìnnì yín kò lè ṣe ohunkóhun àfi tí wáyà méjèèjì bá pé. Ti ẹ̀gbẹ́ èrò yàtọ̀. Ó ní wáyà iná tirẹ̀, ohun tí ó sì ń wá lọ́dọ̀ awakọ̀ kò ju ọ̀nà tí iná yóò gbà padà lọ. Bí èrò bá ń sọ gíláàsì kalẹ̀, wáyà kan nínú méjèèjì ni iná ń gbà padà. Bí ó bá ń gbé e gòkè, wáyà kejì ni. Bí wáyà kejì yìí nìkan bá wá já, ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: bọ́tìnnì awakọ̀ yóò kú pátápátá, ti èrò yóò máa sọ gíláàsì kalẹ̀, kò sì ní lè gbé e gòkè. Ohun tí ẹ kọ sí mi gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ibo ni ó ti já? Ilẹ̀kùn yín ti fi hàn yín. Ẹ ṣí i gbayawu, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo àárín ínjì òkè àti ti ìsàlẹ̀, ìyẹn irin méjì tí ilẹ̀kùn rọ̀ mọ́. Ẹ ó rí rọ́bà dúdú kan tí ó ká wúnrẹ́-wúnrẹ́ bí ìfun ẹran, tí ó ti ara òpó ọkọ̀ wọ inú ilẹ̀kùn. Inú rọ́bà yẹn ni gbogbo wáyà ilẹ̀kùn ń gbà kọjá. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ilẹ̀kùn ni wọ́n ń nà, gbogbo ìgbà tí a bá sì pa á ni wọ́n ń ká. Tí a bá ní ìgbà mẹ́wàá péré ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn kan lójúmọ́, láàárín ogún ọdún ó ti lé ní 70,000 ìgbà. Bàbà inú wáyà kò lè fara da ìyẹn láéláé. Fọ́nrán rẹ̀ á máa kán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku fọ́nrán kan tàbí méjì, títí ìyẹn náà yóò fi já. Ohun tí ó ń tan ojú jẹ ni pé awọ rọ́bà tí ó bo bàbà kì í tètè ya. Mo rántí ọkọ̀ akérò kan tí ó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin, tí mo fa rọ́bà rẹ̀ sẹ́yìn tí gbogbo wáyà inú rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wọ́n. Mo mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ìka méjì, mo rọra fà wọ́n. Pupa kò nà, dúdú kò nà. Ìgbà tí mo dé orí aláwọ̀ ewé, ó nà mọ́ mi lọ́wọ́ bí okùn rọ́bà, nítorí pé kò sí bàbà nínú ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ la awọ rẹ̀, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ni ó dà jáde, ẹnu bàbà méjèèjì sì jìnnà sí ara wọn tó ìbú èékánná.

Ẹ lè wá béèrè pé, tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí máṣíìnì tòkunbọ̀ fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ìbéèrè tí ó yẹ ni. Ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ máṣíìnì yóò ṣí ilẹ̀kùn títí dé òpin rẹ̀, yóò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa fa wáyà síwá sẹ́yìn, yóò yọ púlọ́ọ̀gì tí ó wà lẹ́nu wáyà, yóò tún kì í bọ̀ ọ́. Láàárín gbogbo fífà yìí, ẹnu bàbà tí ó já lè tún fara kan ara wọn, gíláàsì yóò sì gòkè, gbogbo ènìyàn yóò gbà pé máṣíìnì ni ó ń ṣe é. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí ilẹ̀kùn tí ẹ pa á fún ọjọ́ mélòó kan, ẹnu wáyà yóò tún yà. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé olè ni rewáyà yẹn. Èmi fúnra mi, ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, ti pààrọ̀ máṣíìnì fún ìyá kan tí ó ń ta ìrẹsì ní Tákìé, ó sì padà wá bá mi láàárín oṣù kan pẹ̀lú ẹ̀sùn kan náà. Wáyà ni. Mo dá owó rẹ̀ padà fún un, láti ọjọ́ náà ni n kì í sì í tú máṣíìnì kí n tó mọ̀ bóyá iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí, ẹ sì lè ka apá yìí sí etí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá gbé ọkọ̀ náà lọ bá. Mítà nìkan kò tó. Wáyà tí ó ku fọ́nrán bàbà kan ṣoṣo yóò fi fóòtì 12 hàn lójú mítà, nítorí pé mítà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fa iná kankan. Ṣùgbọ́n bí máṣíìnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná gidi, fọ́nrán kan kò ní lè gbé e. Gílóòbù iná iwájú ọkọ̀, oní-wáàtì 55, ni mo máa ń lò. Kí rewáyà yọ púlọ́ọ̀gì máṣíìnì, kí ó so gílóòbù náà mọ́ ojú púlọ́ọ̀gì méjèèjì, kí ẹnì kan máa tẹ bọ́tìnnì èrò sókè nígbà tí ẹlòmíràn ń rọra ṣí ilẹ̀kùn tí ó sì ń pa á. Bí iná gílóòbù bá ń tàn tí ó ń kú bí ilẹ̀kùn ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú, rọ́bà ínjì ni. Bí ó bá tàn rokoṣo lọ́nà méjèèjì láìṣẹ́jú, tí máṣíìnì kò sì yí nígbà tí wọ́n bá dá púlọ́ọ̀gì rẹ̀ padà, a jẹ́ pé èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ mú, máṣíìnì tòkunbọ̀ tí ẹ rà náà ti bàjẹ́.

Bí gílóòbù kò bá tàn rárá sókè, àyẹ̀wò kan ṣì kù tí ó dá mi lójú. Kí ó dá púlọ́ọ̀gì máṣíìnì padà, kí ó wá mú wáyà kan, kí ó fi orí rẹ̀ kan sí ara irin ọkọ̀ níbi tí kò sí ọ̀dà, kí ó fi orí kejì kan wáyà tí a fura sí ní ẹ̀yìn bọ́tìnnì èrò, kí ó sì tẹ bọ́tìnnì náà sókè. Bí gíláàsì bá gòkè, ọ̀nà ìpadà ni ó sọnù. Lẹ́yìn náà kí ó ṣe bákan náà níbi tí àwọn wáyà ilẹ̀kùn ti jáde sínú ọkọ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ èrò. Bí kò bá gòkè láti ibẹ̀, inú rọ́bà ínjì yẹn ni wáyà ti já. Bí ó bá gòkè, ẹ̀gbẹ́ yín ni kí ó lọ wò, nínú rọ́bà ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí nínú bọ́tìnnì awakọ̀ fúnra rẹ̀, tí ojú irin inú rẹ̀ máa ń jó dúdú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan bọ́tìnnì awakọ̀ nígbà tí wáyà náà bá wà lára irin o, nítorí fíùsì yóò já lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀nà àtúnṣe ṣe pàtàkì tó àyẹ̀wò, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n lọ́ ẹnu wáyà méjèèjì mọ́ra, kí wọ́n sì fi téèpù wé e nínú rọ́bà náà. Ibi tí a so yóò gan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó gan yẹn gan-an ni yóò sì tún kán sí kí oṣù mélòó kan tó pé. Ẹ má sì gbà kí wọ́n fi wáyà iná ilé ṣe é, èyí tí ó ní bàbà kan ṣoṣo tí ó nípọn nínú. Kò sí èyí tí ó tètè ń kán tó o. Wáyà ọkọ̀ onífọ́nrán púpọ̀, tí ó nípọn tó ti tẹ́lẹ̀, ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n gé èyí tí ó já kúrò, kí tuntun gba inú rọ́bà kọjá ní odindi, kí ó ní àlékún díẹ̀ kí ó lè máa ká láìnà tán, kí wọ́n sì fi lẹ́ẹ̀dì jó ìsopọ̀ kan nínú ilẹ̀kùn, ìkejì nínú ara ọkọ̀, níbi tí nǹkan kan kò ti ní máa tẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n yọ orí bátìrì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí rọ́bà ti wà ní ṣíṣí, kí wọ́n fa gbogbo wáyà yòókù wò pẹ̀lú, nítorí pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ká.

Ọ̀rọ̀ pé kì í yá bí ó bá ń gòkè, mo gbà pé ìṣòro kejì ni, tí ó dá dúró. Wáyà tí ó ku fọ́nrán díẹ̀ lè fà á, ṣùgbọ́n nínú ìlú wa níbí, eruku ọyẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Gíláàsì ń gun inú ojú ọ̀nà rọ́bà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Láti oṣù Kọkànlá títí di Kejì, eruku dáadáa ni ó ń wọ ibẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ á sọ ọ́ di ẹrẹ̀, oòrùn á wá yan án gbẹ. Máṣíìnì tí ó yẹ kí ó gbé gíláàsì nìkan ti wá ń bá ẹrẹ̀ gbígbẹ jìjàkadì. Nígbà tí ó bá ń gòkè, kí ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mú gíláàsì láti inú àti láti ìta, kí ó tì í lẹ́yìn sókè. Bí ó bá yá gágá, rọ́bà ni ó ń dí i lọ́wọ́. Ẹ wé aṣọ tútù mọ́ rúlà pẹlẹbẹ, kí ẹ kì í bọ inú ojú ọ̀nà náà, kí ẹ máa fọ̀ ọ́ títí omi aṣọ yóò fi mọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ wá fín sílíkọ́ọ̀nù alágolo, èyí tí ó ń mú kí rọ́bà máa yọ̀, sí i. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kì í sì í ṣe gíríìsì: wọ́n ń mú kí rọ́bà wú, eruku sì ń lẹ̀ mọ́ wọn. Bí wọ́n bá sì ṣí pádì ilẹ̀kùn, kí wọ́n má ṣe ju ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nù. Omi òjò tí ó bá gba ẹ̀bá gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn ni ó ń darí sí àwọn ihò ìsàlẹ̀, láìsí i, omi yóò máa dà sí ẹsẹ̀ èrò. Kí ẹ fi ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan tọ àwọn ihò náà wò, nítorí ewé àti iyanrìn máa ń dí wọn.

Ní ti ẹni tí ó fẹ́ fa wáyà dáírẹ́ẹ̀tì láti ìdí bátìrì, n kò ní sọ pé kò lè ṣiṣẹ́. Yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì lè dín lówó. Rewáyà tí ó bá mọ iṣẹ́ lè fi fíùsì sí i ní ìdí bátìrì, kí ó sì mú un gba ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti ń pa á. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wáyà tí kò ní fíùsì, tí ó gba ojú irin kọjá, lè jó ọkọ̀ níjọ́ tí awọ rẹ̀ bá ha. Ohun tí ó sì kan yín jù lọ ni àwọn ọmọ méjèèjì. Bọ́tìnnì ìdènà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí ó ń mú kí bọ́tìnnì èrò má ṣiṣẹ́, kò ní àṣẹ lórí bọ́tìnnì dáírẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè ti yọ kọ́kọ́rọ́ kí iná ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó yọ orí síta, tí orúnkún rẹ̀ sì tẹ bọ́tìnnì, gíláàsì lè há a ní ọrùn, gíláàsì ọkọ̀ ìgbà tiyín kì í sì í sábà mọ̀ pé ó yẹ kí òun dúró. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ni ọkọ̀ náà, n kò ní gbà á.

Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń sọ̀rọ̀, n kò sì tí ì fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Bí ẹnì kan bá ti gé wáyà kan níbẹ̀ rí, tàbí bí ilẹ̀kùn yẹn bá ti gba ìkọlù tí wọ́n sì lù ú padà, nǹkan lè yàtọ̀ sí bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Bí ó bá wá já sí bọ́tìnnì awakọ̀, tòkunbọ̀ rẹ̀ wà ní ọjà Àrárọ̀mí ní Gẹ́ètì, Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kí ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ kí iye ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bá ara mu. Máṣíìnì tí wọ́n yọ lákọ̀ọ́kọ́ ńkọ́? Bí ó bá ṣì wà lọ́wọ́ rewáyà àkọ́kọ́, ẹ gbà á padà, nítorí ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe é.

Nítorí òjò alẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan di bọ́tìnnì èrò mú sókè láìtú u sílẹ̀, kí ẹ̀yin wà níta kí ẹ máa rọra ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ máa pa á, kí ìka yín jìnnà sí etí gíláàsì. Bí ẹnu wáyà bá pàdé, gíláàsì yóò gòkè. Ẹ má ṣe dúró kí ó tó dé òkè pátápátá. Ní kété tí ó bá ti dé, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìdènà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ọmọ kankan má baà tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ẹ ó fi gbé ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ṣí rọ́bà ínjì yẹn.